Ọ̀pá Tuntun fún Ìbọn Marlys

Bí o bá dé ìlú wa, Kettle Fork, tí o rí obìnrin kúkúrú kan tó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní ìdúró, tó fi ọwọ́ kan mú búrẹ́dì, tó ń fi èkejì wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò, má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Marlys Tveit ni. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń wà. Láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ ló ti ń yí ká àwọn oko tó jìnnà síra, tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá já wọn sílẹ̀ tán, kò ní lọ sílé lọ jókòó. Yóò lọ bá ìjọ gé koríko, yóò kun ilẹ̀kùn tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì ṣá, yóò tú ẹ̀rọ ìfọṣọ tí kò bàjẹ́ palẹ̀ láti mọ ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Ọkọ tó fẹ́ ẹ nígbà kan, tó ti kó lọ sí Arizona báyìí, máa ń sọ pé òun kò mọ̀ pé ìjì ni òun gbé níyàwó. Èmi tí mo ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún mọ̀ pé ọkùnrin náà kò purọ́.

Ìbọn kan wà lọ́wọ́ Marlys. Einar, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló rọ ọ́ fún un lọ́dún tó pé ogójì. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni Einar, ó sì mọṣẹ́ débi pé àwọn ènìyàn máa ń wakọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn wá bá a. Ó wọn apá àbúrò rẹ̀ bí aránṣọ ṣe ń wọn oníbàárà, ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn ọrùn rẹ̀, ó wá gbẹ́ ìdí ìbọn náà láti ara igi àwúsá tó ti fi pamọ́ sí òkè àjà fún ọdún mẹ́jọ. Bí Marlys bá gbé e lé èjìká, ojú rẹ̀ á bọ́ sínú awò orí ìbọn gẹ́lẹ́. Bí ẹlòmíràn bá gbé e, ńṣe ni yóò dà bí ẹni tó wọ bàtà ọmọdé. Ìbọn yìí ni Marlys fi ń pa ẹran tó ń jẹ láti ọdún dé ọdún. Bí ọdẹ bá sì kásẹ̀ nílẹ̀, ó máa ń lọ sí pápá ìyìnbọn lẹ́yìn ìlú, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi àmì tó jìnnà dánra wò. Ọta tó ti gba inú ìbọn náà kọjá kò níye.

Oṣù Kọkànlá ọdún kan ni wàhálà dé. Marlys rí akọ ẹ́lìkì kan ní etí igbó, àgbọ̀nrín ńlá tó tó màlúù. Ó dojú bolẹ̀, ó gbé ìbọn lé àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ó fojú sùn ún dáadáa, ó sì yìn ín. Àyà ló fojú sùn. Ikùn ni ọta bà. Ẹran náà ta kìjí, ó sì wọgbó lọ.

Ọjọ́ méjì ni Marlys fi tọ ipa ẹ̀jẹ̀ nínú yìnyín. Ó pe ilé-ìwé pé ara òun kò yá. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ẹyẹ ìwò tó ń yí lójú ọ̀run ló júwe ibi tí ẹran náà kú sí fún un. Àwọn ìkookò ti jẹ ìdajì rẹ̀, èyí tó kù ti bàjẹ́. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi nígbà tó dé. Ṣòkòtò rẹ̀ ti gan pa láti orúnkún wálẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ni mo bi í.

"Mo rí i." Kò wo ojú mi. "Mo fi ìyà jẹ ẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń kú."

Láti ọjọ́ náà ni àìfararọ Marlys ti di ìlọ́po. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ti ń bàjẹ́. Ó lọ rí dókítà ojú, dókítà ní ojú rẹ̀ mọ́ ju ti ọmọ ogún ọdún lọ. Ó rò pé awò orí ìbọn ló yẹ̀. Ó tú gbogbo ìdè rẹ̀, ó tún un dè. Ó pààrọ̀ ẹ̀tù, ó pààrọ̀ ọta. Bí yìnyín ṣe yọ́ tán, ó ní kí n bá òun lọ sí pápá. Ó yin ọta mẹ́ta. Láyé àtijọ́, owó ẹyọ kan lè bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára bébà. Lọ́jọ́ yẹn, àwo abẹ́ ife kò lè bò ó.

Ó yin mẹ́ta mìíràn, bákan náà ni. Ó gbé ìbọn náà sílẹ̀, ó dìde, ó rìn dé ibi tí mọ́tò wà, ó rìn padà, ó tún lọ.

"Marlys, jókòó," ni mo wí.

"Bí mo bá jókòó, màá ronú."

A gbé ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ Einar. Ọdún méjìlá ni Einar fi ju àbúrò rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni wọ́n ń pe ara wọn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n ti mú Einar láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọdún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó ń bá oníbàárà kan ṣiṣẹ́, ọ̀bẹ ẹ̀rọ rì sínú irin, iṣẹ́ oníṣẹ́ sì bàjẹ́. Ó san owó rẹ̀ padà, ó fi tapólì bo ẹ̀rọ ìgbẹ́rin rẹ̀, ẹ̀rọ ńlá tí ń yí irin gbiri kí ọ̀bẹ lè máa gbẹ́ ẹ, kò sì ṣí i mọ́.

Einar mú kámẹ́rà kékeré kan, tó rí bí orí pẹ́ńsù, tó wà lẹ́nu wáyà gígùn. Marlys ló bá a tì í bọ inú ọ̀pá ìbọn. Àwòrán jáde lórí tẹlifóònù. Inú ọ̀pá ìbọn ní ilà tó lọ́ yíká láti ìdí dé ẹnu, bí okùn tí a lọ́. Àwọn ilà yìí ló ń yí ọta kó lè lọ tààrà. Níwájú, ilà náà ṣì dára. Ṣùgbọ́n ní ìdí, níbi tí iná ẹ̀tù ti máa ń bú, gbogbo rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ àkùrọ̀ tí ọ̀dá dá lé lórí.

Einar sọ pé, "Ó ti jó tán. Ojú rẹ kọ́. Ọwọ́ rẹ kọ́."

Mo rò pé inú Marlys yóò dùn. Ńṣe ni ó nà tàn-àn bí ẹni tí wọ́n ta omi sí. "Nítorí náà, ká ní mo ti yẹ inú rẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá…"

"Ká ní o ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà, ká ní mo ti béèrè." Einar ti kọfí rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nítòsí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. "Ọ̀pá tuntun ló kù. Ìdí rẹ̀ ṣì dára, gbogbo ìyókù ṣì dára. Èló lo ní?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là. Fún ọ̀pá, àti fún ẹni tó máa fi í sí i."

Einar rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Ọ̀pá tí mo fi síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ṣe é máa ń fi ọwọ́ dán inú rẹ̀ bí ìgbà tí ìyá àgbà ń dán fàdákà. Òun nìkan ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta báyìí, oṣù mẹ́sàn-án lo sì máa fi tò sórí ìlà. Èyí fífúyẹ́ tí wọ́n fi okùn káábọ̀n tó le bí irin wé, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé gun òkè, èyí ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Alágbẹ̀dẹ tó wà nígboro kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ kí ọdẹ tó parí, irinwó dọ́là ló sì máa gbà."

"Oṣù mẹ́sàn-án? Oṣù Kẹwàá ni ọdẹ máa ṣí!"

"Mo mọ̀. Dúró kí a ro ó."

"Kí la tún fẹ́ rò?"

"Wò ó, ìwọ lo máa ń yọ búrẹ́dì kí ó tó jinná, tí o tún máa bú ẹni tó ta ìyẹ̀fun fún ẹ."

Marlys kò dúró. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kan ilẹ̀kùn mi ní kùtùkùtù, ó ní ọjà ìbọn wà ní ìlú Great Falls, ṣé n ó bá òun lọ. Ìrìn wákàtí méjì ni. Atẹ́gùn ń ti ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo ọ̀nà, Marlys sì ń bá atẹ́gùn jà, ó ń bá rédíò jà, ó ń yí i láti ibùdó kan sí òmíràn láìgbọ́ orin kan tán.

Nínú gbọ̀ngàn ńlá náà, tábìlì tò lọ súà. Àwọn tó ń ta ọ̀bẹ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta ẹran gbígbẹ àti oyin wà níbẹ̀. Marlys kò wo ìkankan. Ó ń sáré láti tábìlì dé tábìlì bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọ nù, títí tó fi dé iwájú ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan tó to ọ̀pá ìbọn bíi mẹ́wàá sórí aṣọ ìnura. Ọ̀kan nínú wọn bá ìwọ̀n ọta rẹ̀ mu. Tuntun ni, kò tíì gba iná rí.

"Èló lẹ fẹ́ gbà?"

"Igba dọ́là, màdáámù."

"Ọgọ́jọ."

"Ẹ jẹ́ n mí ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà mí. Ọgọ́sàn-án. Ẹ má tíì sanwó o: irú ọta wo lẹ ń yìn? Nítorí ọ̀pá yìí…"

Marlys ti ń ka owó sórí aṣọ ìnura. "Irú tó ń pa ẹran," ló sọ.

Ọkùnrin náà wò mí. Mo gbé èjìká sókè. Kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀?

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Einar, Marlys gbé ọ̀pá náà lé orí tábìlì bí ẹni tó gbé ẹja tó fọwọ́ pa. Einar ní kí Marlys wé àkísà mọ́ ẹnu ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń nu inú ìbọn, kí ó fún mọ́ra dáadáa, kí ó sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà, kí ó wá rọra tì í wọlé. Bí àkísà ṣe ń lọ nínú ilà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àmì yẹn yí ká tó sì padà sókè, Einar ní kí ó wọn bó ṣe wọlé tó.

Marlys wọ̀n ọ́n. "Íńṣì mọ́kànlá."

"Èyí tó jó tán ńkọ́?"

"Mẹ́sàn-án ni o sọ fún mi nígbà yẹn."

"Ó dáa. Pálí ọta mélòó ló wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ rẹ?"

Ojú Marlys ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. "Bíi ogún."

"Ọta gígùn ni gbogbo wọn, wọ́n wúwo, bí èmi náà ṣe ní kí o máa rà wọ́n. Ọta gígùn fẹ́ kí wọ́n yí òun kíákíá. Èyí ń yí i lọ́ra. Bí o bá yìn ín nínú ọ̀pá yìí, ó lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ wọ bébà. Fún ẹni tó ń yin ọta kúkúrú, ọ̀pá tó dára ni. Kì í ṣe tìrẹ."

Mo rántí ọkùnrin onírùngbọ̀n náà, bó ṣe la ẹnu tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó tà á fẹ́ sọ fún un," ni mo wí. "Marlys kò jẹ́ kó sọ ọ́."

"Ìwọ náà tún!" ni Marlys pariwo. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn gbàà. A gbọ́ tí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ta eruku lọ. Einar fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife rẹ̀ mú, ó mu ún.

"Yóò wakọ̀ dé odò, yóò padà," ló sọ. "Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni."

Òótọ́ ni. Kò tó wákàtí kan tó fi padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé tán.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dára?"

Mo ti mọ Marlys láti ọdún pípẹ́, n kò gbọ́ kí ó béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Einar náà kò fi í ṣẹ̀sín. Ó sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ kékeré kan wà lẹ́yìn òkè, tọkọtaya kan ló ni ín, tí wọ́n ń ṣe ọ̀pá ìbọn. Èyí tí ara òde rẹ̀ bá ní àléébù, bóyá ó họ, bóyá àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, wọ́n máa ń ta á ní ìdajì owó, nítorí àwọn olówó kì í fẹ́ nǹkan tó họ. "Inú lo fẹ́ rà," ni Einar wí. "Ara òde kì í yìnbọn." Ó fún un ní òjé rírọ̀ bíi mélòó kan, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ti òjé gba inú ọ̀pá kọjá, láti mọ̀ ọ́n lára bóyá ó fún, bóyá ó dẹ̀. "Bó bá fún dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tàbí tó ń fún díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń súnmọ́ ẹnu, mú un. Bí ọwọ́ rẹ bá kàn yọ̀ gẹ̀rẹ̀ ní ibì kan láàárín, fi í sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi í ta ọ́ lọ́rẹ. Bí wọ́n bá sì ń bá ọ sọ̀rọ̀, pa ẹnu mọ́, kí o gbọ́."

Marlys kọ́kọ́ ta ọ̀pá Great Falls fún àgbẹ̀ kan tó ń yin ọta kúkúrú lé àwọn òkété pápá nínú oko rẹ̀. Ọgọ́jọ ló gbà, ó pàdánù ogún dọ́là. Lẹ́yìn náà ni a lọ sẹ́yìn òkè ní Oṣù Kẹfà, nígbà tí ilé-ìwé ti padé. Obìnrin ilé-iṣẹ́ náà, Delphine, gbé ọ̀pá mẹ́rin jáde. Kò tíì rí oníbàárà tó mú òjé tirẹ̀ wá rí.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Einar Tveit."

"Einar! Ṣé ó ṣì ń gbẹ́rin?"

"Rárá," ni Marlys dáhùn, ó sì fa ọ̀pá kìíní mọ́ra.

Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò ó. Ó ti òjé gba inú ọ̀pá kìíní, ó tún ti òmíràn, ó dijú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀pá kìíní dẹ̀ láàárín. Èkejì dára, ṣùgbọ́n ó wúwo bí igi ìkọ́lé, obìnrin tó ń gun òkè kò lè máa gbé e. Ẹ̀kẹta tó dán jù lójú ni ó tún dẹ̀ nítòsí ẹnu, Marlys sì dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí pé ó wù ú. Ẹ̀kẹrin họ ní ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ológbò fi èékánná ha. Ó ti òjé gbà á, ó la ojú, ó tún ti òmíràn.

"Ó rí bí ìgbà tí ènìyàn ń ti ọ̀bẹ gba inú bọ́tà tútù," ló sọ. "Títí dé òpin."

Delphine rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ń retí pé ẹ máa mú èyí tó dán. Gbogbo ènìyàn ló máa ń mú un. Igba ó lé ogójì dọ́là ni èyí."

Owó tó kù kò tó ohun tí alágbẹ̀dẹ ìgboro máa gbà, àyè rẹ̀ kò sì sí. Nígbà tí a dé, Marlys lọ tààrà sí ẹ̀yìn ilé Einar, ó sì fa tapólì kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Bò ó padà," ni Einar wí.

"Ìwọ yóò máa sọ̀rọ̀, èmi yóò máa ṣe é."

"Ìwọ tí o kò lè dúró kí omi hó? Nígbà tí irin yẹn bá ń yí, bó bá gbá apá aṣọ rẹ mú, apá rẹ ni yóò tẹ̀ lé e."

"Ó dáa, màá ká apá aṣọ mi sókè."

"Marlys, mo ní bò ó."

"Mo bá ẹran yẹn rìn fún ọjọ́ méjì!" Ohùn rẹ̀ ga. "Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín. Bí mo bá jókòó láti wo tẹlifíṣọ̀n, mo ń rí i. Òun ni mo ń rí bí mo bá ń wa bọ́ọ̀sì. Kọ́ mi tàbí kí o má kọ́ mi, màá tan ẹ̀rọ yìí."

Einar fa àga kan sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó jókòó, ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan kí wọ́n lè dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe ohun tí Einar máa ń fi ọjọ́ kan ṣe. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, irin àlòkù lásán ni Marlys gbẹ́, kò sì ṣíwọ́ nínú ìráhùn. Bí mo bá kọjá, mo máa ń gbọ́ wọn.

"Ṣé kò tíì tó?"

"Kò tíì tó."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀ lánàá."

"Lánàá náà, kò tíì tó."

Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀pá gan-an, Marlys gbẹ́ ìdí rẹ̀ débi tó yẹ kí ó dúró, kò dúró. Ó fẹ́ kí ó parí kí aago márùn-ún tó lù. Ọ̀bẹ rì jù, ilà lílọ́ tí ọ̀pá fi máa dè mọ́ ara ìbọn sì bàjẹ́. Ó pa ẹ̀rọ náà. Mo wà níbẹ̀. Kọfí ni mo gbé wá. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Ó ń retí kí Einar pariwo, èmi náà ń retí rẹ̀.

Einar tẹ̀ síwájú, ó wo ibi tó bàjẹ́. "A ó gé íńṣì kan kúrò, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá náà á kúrú díẹ̀. Kò burú. Ìwọ náà kúrú."

Marlys kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Méjèèjì jáde pọ̀. Einar wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, pé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ oníbàárà bàjẹ́ lọ́wọ́ òun, òun ti mọ̀ láti òwúrọ̀ pé ọwọ́ òun kò dára, ṣùgbọ́n òun ń sáré kí àìsàn náà má bàa lé òun bá. "Èmi ni mo kọ́kọ́ kánjú," ló sọ. "Ìwọ kọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, Marlys ń ṣe é bí wọ́n ṣe ní kí ó ṣe é: kí ó gé díẹ̀, kí ó yọ irin tó ń gbẹ́ inú ọ̀pá jáde, kí ó nu ẹ̀rún irin kúrò, kí ó da òróró sí i, kí ó tún gé díẹ̀. Ní òpin, irin òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń dán ìdí ọ̀pá wò. Ìbọn gbọ́dọ̀ tì mọ́ ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ tì mọ́ èkejì. Bó bá tì mọ́ èkejì, ó ti jìn jù, ewu sì ni fún ẹni tó bá yìn ín. Ó fi ti àkọ́kọ́ sí i: ìbọn tì, ó dún kọ́. Ó fi èkejì sí i, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Kò tì. Einar ní kí ó tún un ṣe. Kò tì. Einar fúnra rẹ̀ na ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Kò tì.

"Ó dára," ló sọ.

Ní pápá, ìbọn náà kò padà sí bó ṣe rí láyé àtijọ́. Owó ẹyọ kan kò bo ihò mẹ́ta náà tán. Etí rẹ̀ ń yọ díẹ̀. Marlys bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé bóyá èyí tó wúwo ni òun ìbá mú, bóyá ọta mìíràn, bóyá ẹ̀tù mìíràn. Einar ní àgbọ̀nrín kì í gbé owó ẹyọ sáyà. Síbẹ̀, títí ọdẹ fi ṣí, Marlys ń lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ó ń yin ọta mẹ́ta péré kí ọ̀pá má bàa gbóná, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ọdẹ, ó gun òkè ní òun nìkan. Ohun tó sọ fún mi ni mo ń sọ yìí. Ó rí abo ẹ́lìkì kan níwọ̀n igba yáàdì, tó ń jẹ koríko tó yọrí nínú yìnyín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ sí i. Ó ní ara òun ń yún òun. Ó ní bó bá ṣe pé ọdún tó kọjá ni, òun ìbá ti yìn ín láti ẹ̀yìn. Ó gbá ìbọn mọ́ èjìká, ó ń ka èémí rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dùbúlẹ̀ sórí yìnyín, títí tí kò fi mọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹran náà yí ìhà sí i, ó yìn ín. Ẹran náà gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó wó. Kò tún gbéra.

Marlys ní òun kò yọ̀. Ó ní òun lọ bá a, òun kúnlẹ̀, òun fi ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, òun sì sunkún nítorí ti èṣí. Ẹ̀yìn náà ló yọ ọ̀bẹ.

Gbogbo wa jẹ nínú ẹran náà. Einar ní ó le, bó ṣe máa ń sọ lọ́dọọdún, ó sì ní kí wọ́n tún bu sí i fún òun.

Àìsàn Einar ti le sí i láti ìgbà náà. Kò lè mú ife mọ́. Ìgò tó ní páìpù kékeré ló fi ń mu kọfí. Ní Oṣù Kìíní, àgbẹ̀ kan láti apá àríwá gbé ìbọn bàbá rẹ̀ wá, ó ní ọ̀pá rẹ̀ ti jó, ṣé Einar lè bá òun wò ó. Einar fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn ilé.

"Èmi kọ́. Lọ bá àbúrò mi."

Marlys jáde pẹ̀lú òróró lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gba ìbọn náà, ó wo inú rẹ̀, ó béèrè irú ọta tí ọkùnrin náà ń yìn. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń sọ ti bàbá rẹ̀, ti oko rẹ̀, ti akọ ẹ́lìkì kan tó sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ Marlys ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.